Ta Ló Fọ Ṣílè Bàbá Ìdíátù?

Láti ọdún mẹ́tàdínlógójì tí Abdulganiyy ti ń ṣiṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà, kò sẹ́nì kankan tó bá a wí rí pé nǹkan tó fọ̀ mọ́ jù. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó wá gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndò. Bí ẹ bá mú ẹ̀gbà ọwọ́ tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò wá bá a láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí ojú ara yín nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn fi ń wá a wá láti ọ̀nà jíjìn nìyẹn, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdíátù, obìnrin tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kàn án, ló mú ẹyọ owó kan wá bá a ní Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 2011. Bàbá obìnrin náà ti kú ní Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin ṣáájú. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù olóògbé, agolo kékeré kan ló kàn án, inú agolo yẹn ni owó náà wà. Ṣílè méjì ni, irú èyí tí wọ́n ń ná láyé òyìnbó: orí ọba wà lójú kan, igi ọ̀pẹ wà lójú kejì, wọ́n sì kọ 1914 sí i lára. Ó dúdú débi pé èèyàn ní láti tẹjú mọ́ ọn kó tó rí ọ̀pẹ náà.

"Bàbá Zikrullah, ẹ bá mi wo nǹkan yìí," Ìdíátù wí. "Ṣé fàdákà gidi ni? Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì wà ní Ìpájà tó máa ń ra owó àtijọ́. Ó ní kí n mú un wá lọ́jọ́ Sátidé."

Abdulganiyy gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó fi kan irin tó fi ń lu nǹkan, ó sì fetí sí ìró rẹ̀. "Fàdákà ni, Ìyá Mubarakah. Ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi dọ̀la."

Obìnrin náà ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, òun náà ò sì sọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé aládùúgbò òun ló ń dá bùkátà ilé rẹ̀ gbé, ọjà tó bá sì mọ́ lójú ló ń yá. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú abọ́, ó po ọṣẹ mọ́ ọn, ó rẹ ṣílè náà sínú rẹ̀, ó wá mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbo ó. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ọ̀pẹ náà ti yọ kedere, imọ̀ orí rẹ̀ ṣeé kà.

Nígbà tí Ìdíátù rí i lọ́jọ́ Jímọ̀, ó figbe ta. "Tèmi rèé? Bàbá Zikrullah, iṣẹ́ ọwọ́ yín ò ní tẹ́ láé!" Ó ra ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun dé Ìpájà, kí Tíṣà má bàa rẹ́ òun jẹ.

Báyọ̀dé ni wọ́n ń pe Tíṣà tí wọ́n lọ bá lọ́jọ́ Sátidé náà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ìwé ńlá tó ń kó owó sí kún orí tábìlì rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àpò ọ̀rá tiẹ̀. Etí owó ló fi ìka méjì mú, kò jẹ́ kí ọwọ́ òun kan ojú rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

Ìdíátù rẹ́rìn-ín. Ó rò pé Tíṣà fẹ́ yin iṣẹ́ náà ni. "Bàbá Zikrullah tó jókòó yìí ni. Ó mọ́, àbí?"

Báyọ̀dé yíjú sí Abdulganiyy. "Ọ̀gá mi, ẹ ti ba owó yìí jẹ́."

Abdulganiyy rò pé etí òun ló ń tan òun. "Mo bà á jẹ́ báwo? Ṣé ó sán ni? Àbí ó tẹ̀?"

"Ẹ fọ̀ ọ́."

"Mo mọ̀ pé mo fọ̀ ọ́. Mo ní, kí ni mo wá bà jẹ́ lára ẹ̀?"

Báyọ̀dé fa ọ̀kan nínú ìwé ńlá rẹ̀ mọ́ra. Ó yọ ẹyọ ṣílè méjì mìíràn kan jáde nínú rẹ̀, tiẹ̀ rí bí eérú, àwọ̀ dúdú díẹ̀ sì yí etí rẹ̀ ká. Ó gbé méjèèjì lọ sójú fèrèsé, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀. Lára tiẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń sáré yí i po bí ìgbà tí táyà kẹ̀kẹ́ bá ń yí. Lára ti Ìdíátù, ìmọ́lẹ̀ kàn dúró sójú kan ni, gbogbo rẹ̀ funfun báláú bí àwo tánganran.

"Dúdú tẹ́ ẹ rí yẹn, awọ ara ẹ̀ ni," ló wí. "Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tó fi hù ú. Awọ yẹn làwa tá à ń kó owó àtijọ́ jọ máa ń wò. Ẹ ti bó o."

"Ìdọ̀tí ló wá di awọ?" Ìdíátù wí. "Ẹ dákun, sà, tẹ́ ẹ bá dé ọjà, tẹ́ ẹ bá aṣọ tó dọ̀tí àti aṣọ tó mọ́, èyí tó dọ̀tí lẹ máa rà?"

"Ìyá, owó yàtọ̀ sí aṣọ."

"Ó yàtọ̀ báwo?"

Tíṣà gbé awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá fún Abdulganiyy. Irú rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù òun náà, nítorí náà ó mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ó rí àwọn ìlà tín-ín-rín bí irun, tí gbogbo wọn kọjú sí apá kan náà, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì òun ti gbà kọjá. Ó rí dúdú tó ṣẹ́kù sáàárín àwọn lẹ́tà, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ò dé. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun lójú rẹ̀. Kò kàn rò ó rí láyé rẹ̀ pé ó jẹ́ nǹkan kan.

Ó wá rí òmíràn. Ìlà wọ̀nyí jìn ju tiẹ̀ lọ, wọ́n sì yí roboto. Kò sí bí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣe lè yí bẹ́ẹ̀.

"Tíṣà, ẹ wo ibí yìí. Èyí kì í ṣe tèmi."

Báyọ̀dé gba awò, ó wò ó pẹ́ títí. "Òótọ́ ni. Ẹnì kan ti fi iyanrìn tàbí eérú gbo ó rí, tipẹ́tipẹ́."

"Ó ti bàjẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án nìyẹn?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé awọ tuntun ti hù bo ìlà àkọ́kọ́ dáadáa, tí èèyàn á ṣì fi owó gidi rà á. Èyí tó hù yẹn lẹ bó, a ò lè mọ̀ mọ́." Ó ní iye tí fàdákà rẹ̀ bá tẹ̀wọ̀n lòun lè san. Ìdíátù ní òun máa rò ó.

Wọ́n padà sílé. Abdulganiyy ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó ń rò ó bọ̀, kò sì rí ibi tó fẹ́ gbé e kà. Ẹgbàá ẹ̀gbà ọwọ́ lòun ti fọ̀, gbogbo èèyàn ló dúpẹ́. Ṣé awọ lòun ti ń bó látọjọ́ yìí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìdíátù wá jókòó tì í. Ó ti pe Àmúsà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn ní bàbá àwọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan owó náà rí. Ó wá pe àbúrò bàbá wọn obìnrin, ìyẹn ní gbogbo Iléyá ni ìyá àwọn máa ń fi eérú fọ fàdákà ilé, tó fi mọ́ ṣílè náà. Nígbà tí Ìdíátù ní kó rántí dáadáa, màmá náà ní bóyá kì í ṣe èyí, ṣílè ò ṣáà kéré nílé àwọn nígbà yẹn.

"Mi ò mọ ẹni tí mo máa bínú sí," Ìdíátù wí.

"Ẹ bínú sí mi," Abdulganiyy dáhùn. "Ó bà jẹ́ ni o, kò bà jẹ́ ni o, ó yẹ kí n bi yín kí n tó fọ̀ ọ́. Ẹ má bínú."

"Ká ní ẹ bi mí, ǹ bá ṣì ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ náà ni," obìnrin náà wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Abdulganiyy ò mọ̀ bóyá ó dárí ji òun ni àbí kò dárí jì.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kí oníṣòwò kan tí wọ́n ń pè ní Zacchaeus tó yà sí ṣọ́ọ̀bù Ìdíátù. Nǹkan àtijọ́ ló ń rà kiri àdúgbò. Ìdíátù yọ ṣílè náà fún un, ọkùnrin náà gbé e sóòrùn, ojú rẹ̀ là.

"Ìyá, èyí ò tíì kan omi rí! Bó ṣe jáde níbi tí wọ́n ti rọ ọ́ ló ṣe wà yìí."

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ọ̀gá," Ìdíátù wí. "Ẹni tó fọ̀ ọ́ ló jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kejì yẹn."

Zacchaeus wo Abdulganiyy, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún yín pé wọ́n fọ̀ ọ́? Ẹni tó fẹ́ rà á lówó pọ́ọ́kú ni, àbí? Ogún ọdún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, jàre."

"Mo fi Ọlọ́run búra, èmi ni mo fọ̀ ọ́," Abdulganiyy wí. Ó dìde, ó mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá. "Eléyìí ni mo fi gbo ó."

"Bàbá, ẹ kàn ò fẹ́ kí wọ́n tà á ni." Ó ka owó lé Ìdíátù lọ́wọ́, ìlọ́po mẹ́ta iye tí Tíṣà dá lé e, ó fi ṣílè sápò, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ìdíátù tún owó náà kà.

"Ṣé a rẹ́ ẹ jẹ ni?" Ìdíátù béèrè.

"A sọ fún un."

"Ta ló wá mọ̀ ọ́n nínú òun àti Tíṣà?"

"Tíṣà ni. Mo fojú ara mi rí àwọn ìlà yẹn."

"Tó bá jẹ́ pé Tíṣà ló ṣìnà ńkọ́?"

Abdulganiyy wo búrọ́ọ̀ṣì tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Happiness kó yẹtí ìyá rẹ̀ wá, ó ní kí Abdulganiyy bá òun fọ̀ ọ́ kó dán.

"Ṣé ó dá yín lójú?" Abdulganiyy bi í.

"Kí ló dá mi lójú, Bàbá?"

"Pé kí n fọ̀ ọ́. Àbí kí n fi dúdú ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀?"

Happiness wò ó bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹni tí ibà ń ṣe. Ìdíátù tó ń gbọ́ wọn láti ibi ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kó má bàa rán aṣọ aláṣọ wọ́.

"Gbogbo ẹ̀ ni, Bàbá," Happiness wí. "Ẹ fọ gbogbo ẹ̀."

Abdulganiyy fọ̀ ọ́. Ó pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ, nítorí ó ń dáwọ́ dúró lóòrèkóòrè, ó ń gbé yẹtí náà sójú, ó ń wò ó.