Ìlà Pupa Ilẹ̀ Gbọ̀ngàn

Orúkọ Merete kò sí lára àwọn tí yóò yan tẹ̀ lé àsíá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn eré ìdárayá abúlé wọn, inú sì bí i gan-an. Ogún ọdún ló ti ń tẹ̀ lé àsíá wọlé pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin níbi àṣehàn eré ìdárayá ìgbà ìrúwé. Lọ́dún yìí, àárín àwọn tí yóò ta kọfí ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ọdún kejì rèé tí àrùn ti wọ inú etí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá yíjú lójijì, òòyì á kọ́ ọ. Síbẹ̀, láràárọ̀ ló ń ṣe ìdánrawò tí dókítà fún un: á tẹjú mọ́ lẹ́tà A, B, D kan ṣoṣo tó kọ sára ògiri ilé ìdáná, á máa mi orí sọ́tùn-ún sósì títí èébì á fi fẹ́ gbé e. Ìyà ńlá ni, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jẹ ẹ́.

Ó wọlé tọ Gerda, olórí ẹgbẹ́ wọn, níbi tí àwọn obìnrin yòókù ti ń nara.

"Ta ló yọ mí?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ká má bàa ṣe ẹ́ léṣe ni."

"Irọ́ ni! Sọ òótọ́."

Gerda wolẹ̀. "Wọ́n rí ẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n ní ò ń rìn bí ọ̀mùtí."

"Èmi tí mi ò lè mu bíà kan mọ́! Ó dáa. Ẹ wá wò mí bí ọlọ́pàá ṣe ń mú awakọ̀ rìn lórí ìlà láti mọ̀ bó bá ti mutí."

Ó bọ́ bàtà, ó gbẹ́sẹ̀ lé ìlà pupa pápá bọ́ọ̀lù ọwọ́ tí wọ́n kùn sílẹ̀ gbọ̀ngàn, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń yíjú sí àsíá nígbà tí wọ́n bá ń yan kọjá. Ìṣísẹ̀ kẹrin, ó lulẹ̀ gbì. Àwọn kan sáré sí i.

"Ẹni tó bá fọwọ́ kàn mí, màá gé e jẹ!"

Ó dìde. Ó tún ṣubú. Ó tún dìde.

"Merete, ó ti tó," ni Gerda wí, omi ti lé sójú rẹ̀.

"Kò tíì tó."

Ó rìn ín dópin, ó sì gbá èjìká Gerda mú pinpin.

"Kọ orúkọ mi padà. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wàá dúró sí níbi àṣehàn lọ́jọ́ Sátidé. Bí òòyì bá dé, ìwọ ni màá dì mú. Bí o bá yẹ̀, àwa méjèèjì la jọ máa ṣubú lójú gbogbo abúlé."