Ihò Lára Kọ́là

Ihò mìíràn tún rèé. Alágbàfọ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì yọjú sí i láti ara kọ́là. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló ni ín, ó sì ti búra pé bí aṣọ òun bá tún lu, gbogbo aṣọ olùkọ́ yóò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Kí ni òun yóò wá máa jẹ?

Ó ju ojú sí àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń po sítáàṣì lẹ́yìn tábìlì. Yàtọ̀ sí òun, àbúrò yìí nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n sì rí i lánàá níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kejì tó ń bá wọn du oníbàárà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kí ni? Ìfura loògùn àgbà. Alágbàfọ̀ ti mu ún yó.

"Ìwọ yìí, ta ló rán ọ sí mi?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n po sítáàṣì."

"Má fi mí ṣeré! Ta ló ní kó o máa lu aṣọ mi?"

Obìnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Èmi? Èmi tí omi gbígbóná yín ti bó lọ́wọ́?"

"Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Ó tú u létí aṣọ, ó fi lé orí tábìlì. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an tún fu alágbàfọ̀ lára.

Ó fa àwọn aṣọ tó kù jáde nínú àpótí, kó lè fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ hàn án lójú korojú. Ó gbọn èyí tó wà nísàlẹ̀. Aáyán kan já bọ́, ó sanra bí ẹni tó jogún. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn ṣì wà lẹ́nu kọ́là, ó ń jẹ sítáàṣì rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ kí wọn.

Alágbàfọ̀ gbójú sókè. Ògiri mọ́ tónítóní, kò sí ọmọnílé kan ṣoṣo níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìgbálẹ̀ pa wọ́n tán lóṣù tó kọjá, torí ìgbẹ́ wọn ń bọ́ sórí aṣọ funfun. Lórí ògiri yìí náà ló ti máa ń rí wọn tí wọ́n ń gbé aáyán mì. Kò kà á sí nǹkan kan.

"Àbúrò mi..." Ó ti kọ́kọ́rọ́ náà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. "Jọ̀ọ́. Mú kọ́kọ́rọ́ rẹ."

Obìnrin náà ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó wo ògiri, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọmọnílé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ó ṣáájú mi lọ."

Ó jáde. Aáyán kan gun orí kọ́kọ́rọ́ náà, alágbàfọ̀ ò sì rántí lé e.