Àga Aṣojú

Nọ́ọ̀sì fi èékánná ta ike dírípù náà, ó tún ta á, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò dá a lójú pé ènìyàn wà níbẹ̀. Omi tó kù nínú rẹ̀ kò kún ìsàlẹ̀ ife.

"Bàbá Wolé-wolé," ó ní, "èyí tó ń kán lọ yìí ló gbẹ̀yìn o. Bó bá tán, ó tán nìyẹn."

Bàbá Wolé-wolé wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Àrùn onígbáméjì ti fa omi ara ọmọdébìnrin náà gbẹ mọ́jú. Ojú rẹ̀ ti wọ inú, ètè rẹ̀ ti gbẹ bí ewé tí oòrùn jó. Ìyá rẹ̀, àbíkẹ́yìn Bàbá, ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Tán báwo?" ni Bàbá bi í. "Kí wá ni ọkọ̀ ńlá já sílẹ̀ níbí láná tí gbogbo àdúgbò ń pariwo?"

"Dírípù náà ni. Ó kún sítọ́ọ̀ dé àjà. Ṣùgbọ́n Àjọ Àgbáyé ló kó o wá, àgádágodo wọn ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ò lè fún wa ní tààrà, àfi kí àwọn fà á lé Ilé-iṣẹ́ Ìlera ti ìjọba lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ Ìlera ní àwọn ò lè gbà á bí kò bá sí aṣojú ìlú níbẹ̀ tó máa jẹ́rìí sí i. Wọ́n wà ní gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún láti àárọ̀, wọ́n ń kí ara wọn."

"Ìwọ ò lọ bá wọn?"

"Mo lọ. Wọ́n ní orúkọ mi ò sí lórí ètò. Ẹ̀yin ẹ bá mi lọ sọ fún wọn, Bàbá. Bí wọ́n bá rí irun funfun, bóyá wọ́n á gbọ́."

"Ẹ má pẹ́ o, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí láti ibi tó kúnlẹ̀ sí.

"Kí n pẹ́ kẹ̀? Ṣé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sùn ni?"

Ó fa aṣọ káákì rẹ̀ gún, ó sì jáde. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tí ó ṣì ń wolé kiri fún ìjọba, bó bá ti yọ ní ìkóríta báyìí, ìkòkò omi tó ti ń la ẹnu sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ a máa rí ọmọrí lójijì, àwọn ìyàwó ilé a sì máa pe ewúrẹ́ wọn ní orúkọ tí ewúrẹ́ náà kò gbọ́ rí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà kò tíì kan ògiri. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le, káákì ni Bàbá ń wọ̀, ó sì máa ń fi sítáàṣì lù ú títí aṣọ á fi lè dá dúró láìsí Bàbá nínú rẹ̀.

Ọmọge kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn rí i lókèèrè, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Háà, ẹ káàbọ̀, sà! A ti ń retí yín."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti retí Bàbá Wolé-wolé. Ó dúró díẹ̀ kí gbólóhùn náà lè wọ̀ ọ́ lára.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ dírípù ni mo..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀rọ̀ dírípù náà ni gbogbo wa bá wá." Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọge náà ti fi káàdì olókùn kan kọ́ ọ lọ́rùn. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú. AṢOJÚ ÌLÚ ni wọ́n kọ sí i, gàdàgbà gàdàgbà.

Ní tábìlì iwájú, àga kan ṣófo láàárín ọkùnrin méjì. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, tó so gíláàsì rẹ̀ mọ́ ọrùn, ni Ọ̀gá Àjọ. Èyí tó wà lápá òsì, tí áńkáṣíìfù kò kúrò níwájú orí rẹ̀, ni Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́. Àwọn méjèèjì dìde fún Bàbá. Àwọn èrò tó wà nísàlẹ̀ rí àwọn ọ̀gá tó dìde, àwọn náà dìde. Ta ni yóò rí gbogbo gbọ̀ngàn lórí ìdúró tí yóò wá ní òun kò jókòó?

Bàbá jókòó.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ bá wa wá irú ẹni báyìí rí," ni Ọ̀gá Àjọ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ, ó sì tẹ orí ba kọjá níwájú Bàbá.

"Áà, ẹ̀yin la máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," ni Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ dáhùn. "Ẹ mọ ènìyàn í yàn."

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọn lójú. Àbí wọ́n ti yan òun lóòótọ́? Ó lè jẹ́ pé ìwé ìpè ló sọnù lọ́nà. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan tó rántí iṣẹ́ tí òun ṣe ló dárúkọ òun níbi tí òun kò sí. Bí ó ti ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dà bí òótọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó tẹ̀ sí apá ọ̀tún, "dírípù tó wà nínú sítọ́ọ̀..."

"Ó máa kàn yín láìpẹ́, Bàbá," ni Ọ̀gá Àjọ wí, ó sì ṣí ike omi tútù kan fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bàbá mu ún. Omi náà tutù dé ọkàn.

Ọ̀gá Àjọ bọ́ sí ìdí máìkì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀nà jíjìn ni ẹrù náà ti wá, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tó ti ń tẹ̀ lé e bọ̀. Níbòmíràn, ó ti rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n já sílẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí, tó sì di ọjà lórí àtẹ. "Àwa kọ́ la ni ín," ó ní. "Àwa kàn bá yín gbé e dé ni. Ilé-iṣẹ́ Ìlera ló ni ín."

Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ gba máìkì. "Ọ̀rọ̀ iyì lẹ sọ. Ṣùgbọ́n àwa náà ò lè sọ pé a ni ín nígbà tí ẹ̀yin ò tíì sọ pé ẹ ò ni ín mọ́."

"A ti sọ ọ́."

"Ẹ sọ pé ẹ ò ni ín. Ẹ ò sọ pé ẹ ò ni ín *mọ́*."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìdí rẹ̀ kò yé Bàbá, ṣùgbọ́n òun náà pa tirẹ̀. Àwọn àgbà ní àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ kí ayé gún. Wọn kò sọ bí ayé ṣe ń rí níbi tí oníkálùkù bá ti ń fàgbà fún ẹnì kejì láìsinmi.

"Ó ti kan aṣojú ìlú wàyí," ni Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ kéde. "Bàbá, níṣojú gbogbo wa, ṣé ẹ gbà á?"

Wọ́n gbé máìkì sí i lọ́wọ́. Kí ó sáà ti ní "mo gbà á", ó parí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ròkè nígbà tó wúkọ́ sí i, ohùn náà sì dùn mọ́ ọn. Ó rí àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n gbé gègé dání.

"Nígbà tí èmi wà lẹ́nu iṣẹ́," ó bẹ̀rẹ̀.

Ó sọ ti ìkòkò omi. Ó sọ ti ṣáláńgá, ó sọ bó ṣe yẹ kó jìnnà sí kànga, ó sọ orúkọ gbogbo baálé tó ti bínú sí i rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan kò kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Níbi tó ti ń gbádùn ara rẹ̀, ó rí nọ́ọ̀sì lójú fèrèsé tó ń ju ọwọ́ méjèèjì lókè. Inú rẹ̀ dùn pé nọ́ọ̀sì náà wá gbọ́ ọ̀rọ̀ òun. Ó juwọ́ sí i, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ní," ó fẹ́ fi òwe kan dé e ládé, "a kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

Máìkì gba òwe náà, ó gbé e kan ògiri ẹ̀yìn, ògiri sì dá a padà fún un. Bàbá gbọ́ ọ. Ó wo ojú fèrèsé. Kò sí nọ́ọ̀sì níbẹ̀ mọ́.

"Mo gbà á," ó ní kíákíá. "Mo gbà á, mo gbà á. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kì í bọ́ sí ọwọ́ ènìyàn lásán. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní láti jọ dì í mú kí onífọ́tò lè yà á, onífọ́tò sì ní kí wọ́n tún un ṣe, nítorí Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ dijú. Bí wọ́n ṣe dúró pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, Ọ̀gá Àjọ bi Bàbá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ẹ̀ka wo lẹ wà gan-an ní Ilé-iṣẹ́ Ìlera, Bàbá?"

Ọ̀gá Ilé-iṣẹ́ yíjú. "Ilé-iṣẹ́ wa kẹ̀? Ṣé kì í ṣe Àjọ ló pè yín wá ni?"

"Ẹnikẹ́ni kò pè mí," ni Bàbá wí. "Ọmọ-ọmọ mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn, ẹ̀rín fọ́tò ṣì wà lẹ́nu wọn, wọn kò mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ palẹ̀ tirẹ̀ mọ́. Bàbá fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ láàárín ìka wọn. Nígbà tí wọn yóò fi rí ohun tí wọ́n máa sọ, ó ti ń sáré, sítáàṣì ń ró gbà-gbà-gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Àgádágodo ṣí wẹ́rẹ́. Bàbá gbé páálí kan lé èjìká, ó sì wọ yàrá àwọn ọmọdé bí ológun tó ti ogun dé.

"Ó ti dé o!"

Ike mìíràn, tó kún dé ààbọ̀, ló wà lókè orí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì ń mí, ó ń mí dáadáa. Ọmọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ni irin dírípù rẹ̀ dúró lásán. Ìyá rẹ̀ gbé e lé ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi dákú, Bàbá," ni àbíkẹ́yìn rẹ̀ wí. "Ojú rẹ̀ yí. Nọ́ọ̀sì sáré wá pè yín lójú fèrèsé." Ó fún omi kúrò lára aṣọ tó fi ń nu ọmọ. "Ó ní ẹ juwọ́ sí òun."

"Wọ́n ní kí n... máìkì wà lọ́wọ́ mi."

"Ìyá tó jókòó yìí ló ní kí wọ́n tú ti ọmọ òun fún wa."

"Ṣùgbọ́n mo gbà á. Wò ó, kọ́kọ́rọ́ rèé."

"Ẹ ṣé, Bàbá." Ọmọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀ nígbà náà, ó wo káàdì tó wà láyà rẹ̀, ó sì padà sí ẹsẹ̀ tó ń nù. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an ni. Ó kàn jẹ́ pé kò ṣojú yín ni."

Nọ́ọ̀sì ti já páálí. Ó fi abẹ́rẹ́ tuntun wọ ọwọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀dì kejì, ṣùgbọ́n ìkọ́ orí irin náà ti kán. Ó wo yíká, ó sì na ike náà sí Bàbá. Bàbá gbà á, ó gbé e sókè.

Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọmọge ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yọjú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń wá aṣojú ìlú o. Wọ́n fẹ́ fi àdúrà parí ètò."

Bàbá kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń wo omi náà bó ṣe ń kán, tó, tó, tó, kò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣẹ́, kí èyí, ó kéré tán, lè ṣojú òun.