Sítáńdì tí Télọ̀ Kàn fún Gìtá

Télọ̀ ni ọkọ mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà rí. Nígbà tó fẹ́ kan sítáńdì fún gìtá bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé, téèpù tó fi ń wọn àwọn oníbàárà ló fà jáde. Ó wọn èjìká gìtá, ó wọn ìbàdí rẹ̀, ó ní ìbàdí náà fẹ̀ díẹ̀. Mo ní kó fi àyè sílẹ̀, torí ó lè sanra sí i.

Láti ìgbà tí bàbá ti kú ni gìtá yẹn ti wà nínú àpótí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, nǹkan kan kò sì ṣe é. Àmọ́ ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá bá wa gbé. Etí ìyá ti ń dí, dókítà sì ti sọ pé kò ní pẹ́ dí pátápátá. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju kí àwọn fọwọ́ ara wọn ta orin kan tí ọkọ wọn kọ́ wọn, kí àwọn sì gbọ́ ọ kí etí tó lọ. Ọmọ wọn ní a kì í fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bíi bàtà.

Ẹ wo sítáńdì. Òpó rẹ̀ ga débi pé wáyà iná ló kù ká so mọ́ ọn. Fóòmù èjìká kóòtù ló fi tẹ́ apá méjèèjì tó máa gbá gìtá mú, kí igi má baà ha á lára. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́, ńṣe ló ń dà á bí ẹni ń bu ọbẹ̀ fún àlejò pàtàkì.

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ dọ̀la," ni mo wí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Ṣé ìwọ ló kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Iṣẹ́ wo nínú méjèèjì?"

Ọkọ mi gbé gìtá sí i lójú ẹsẹ̀, ó ń yí i po bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.

Nígbà tí ìyá dé, gìtá kò kúrò lórí sítáńdì. Gọ́ọ̀mù ti gba inú fóòmù kọjá, ó ti mú un lọ́rùn àti lẹ́yìn. Ọkọ mi fà á títí, igi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó sì fi í sílẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú," ló ń wí. Mo ti to èébú jọ fún un, àmọ́ ọwọ́ tí ìyá nà sílẹ̀ láti gba gìtá ń dùn mí.

Ìyá fa àpótí ìjókòó sẹ́yìn sítáńdì, wọ́n gba abẹ́ apá rẹ̀ gbá gìtá mọ́ra lóòró. Wọ́n ta á.

"Kò dún," ni wọ́n wí.

Ó dún. Gbogbo pálọ̀ ló gbọ́. Èmi àti ọkọ mi kò lè wo ojú ara wa.

Ó rẹ ìyá, wọ́n gbórí ti òpó gíga yẹn, òpó kàn wọ́n ní ẹ̀bátí. Ọwọ́ wọn tún kan okùn gìtá. Wọ́n gbórí kúrò, wọ́n tún gbé e padà.

"Ó ń dún nínú igi," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́.

Wọ́n ta orin náà tán, àṣìṣe inú rẹ̀ kò lóǹkà. Ọkọ mi sunkún, èmi náà sunkún.

Nígbà tó gbé ayùn dé láti gé sítáńdì kúrò, ìyá bi í pé kí ló fẹ́ gé. Ó dá ayùn padà.

Ní báyìí, ó ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé òun mọ̀ọ́mọ̀ lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí etí ìyá òun. Mo máa ń lanu láti fèsì. Màá wá wo ìyá tó gbórí ti òpó, màá sì panu mọ́.