Ewúrẹ́ Mẹ́fà Lábẹ́ Igi Ọsàn

Ní 1976, tíṣà wọ́n ní Ìlọrá débi pé wọ́n gba èmi Wòsílátù náà. Mo mọ̀wé, ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kà á, lẹ́yìn tí mo bá bó ẹ̀gẹ́ apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta fún ìyá mi ní Akínmọ̀ọ́rìn. Ẹnu ni n ò ní. Lọ́sẹ̀ kìíní, ọmọ mẹ́tàlélógójì wò mí, èmi wo ilẹ̀. Hẹdimásítà ní alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀. Bí ohùn mi kò bá jáde níwájú rẹ̀, kí n padà sídìí ẹ̀gẹ́.

Ilé Bàbá Ọ̀pádọ̀tun, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ń gbé. Ó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún, kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó so ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ ìdí igi ọsàn, ó ní kí n kọ́ wọn ní ìṣirò.

“Ewúrẹ́ kẹ̀, Bàbá?”

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ènìyàn. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ewúrẹ́ lọ.”

Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo wọn kọ̀dí sí mi, wọ́n ń yàgbẹ́. Bàbá ní ohun tí ojú tíṣà ń rí nìyẹn. Ó ní kí n gbójú sókè, kí n wá èyí tó ya olórí kunkun jù, kí n dojú ìbéèrè kọ ọ́. Òbúkọ onírùngbọ̀n kan ni, Alága ni Bàbá ń pè é. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, bí mo bá ti jágbe mọ́ Alága, á dáwọ́ jíjẹ dúró, á máa wò mí.

Alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì tòun ti irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo bẹ̀rẹ̀, ohùn mi ń gbọ̀n. Ẹ̀pà ń ró kàù, kàù. N ò mọ ìgbà tí mo nawọ́ sí i.

“Ìwọ onírùngbọ̀n, ẹnu ẹ ò lè sinmi ni? Méje lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mélòó?”

Hẹdimásítà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà di ògiri mú. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀pà mì, ó dìde.

“Mọ́kànlélógún, mà.”

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó bá gbà á. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí n lọ.

Mo sáré lọ ròyìn fún Bàbá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń já ewé fún Alága.

“Ṣé ó dáhùn?”

“Ó dáhùn, sà.”

“Ó fi díẹ̀ sàn ju tèmi yìí lọ.”