Ẹni Tó Máa Bá a Tẹ Bíréèkì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Mojísọ́lá fẹ́ lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì máṣíìnì Ọdẹ́wálé ọkọ rẹ̀, ìjókòó ló kọ́kọ́ di wàhálà. Ìdí Ọdẹ́wálé tí kò lẹ́ran ni wọ́n kan àpótí náà fún. Nígbà tí Mojísọ́lá gbé tirẹ̀ lé e, àpótí ké.

"Má ké," ló wí fún un. "Èmi alára ò sunkún."

Ọdẹ́wálé kú lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ sì wà lọ́nà jíjìn. Nínú gbogbo àgbàlá yẹn, máṣíìnì nìkan ló ṣì ń dáhùn tí Mojísọ́lá bá fọwọ́ kàn án. Òun ló ń gùn lọ sóko ní Ẹdúnàbọ̀n, pẹ̀lú ìró tó ká sórí orúnkún, tí àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà á sì máa kí i ní "Ìyá ọlọ́kadà!"

Rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí bíréèkì iwájú ló là. Ó ra tuntun ní Lágere, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n rọ́bà tuntun kì í wọlé kí afẹ́fẹ́ má bá a wọlé. Bí wọn ò bá lé e jáde, ọwọ́ bíréèkì á máa rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ọmú Mojísọ́lá fúnra rẹ̀.

Èèyàn méjì ló sì ń lé e. Ẹni òkè á tẹ ọwọ́ bíréèkì, á dì í mú pinpin. Ẹni ìsàlẹ̀ á tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ lè jáde, á sì dè é padà kí ẹni òkè tó fi sílẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, Mojísọ́lá ni ẹni òkè. Ọdẹ́wálé á ní, "Tẹ̀ ẹ́, Àjíkẹ́." Òun á ní, "Mo tẹ̀ ẹ́." Bí kò bá tíì dáhùn, sípánà ọkùnrin yẹn kì í yí.

Adésọjí, ọmọ rẹ̀, ti pè láti Àbújá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

"Màámi, ta ló máa bá yín tẹ̀ ẹ́?"

"Èèyàn wà."

"Ta ni?"

"Ṣé gbogbo èèyàn tó wà ní Ifẹ̀ lo mọ̀ ni?"

"Tí kò bá sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ yín, Màámi, màá ní kí wọ́n wá gbé máṣíìnì yẹn lọ. Mi ò lè máa sùn kí n máa rò ó."

Mojísọ́lá mú sípánà, ó ní, "Tẹ̀ ẹ́." Ó wá ń dúró. Ó dúró pẹ́, kó tó rántí pé kò sí ẹni tó máa dáhùn.

"Ìyá arúgbó yìí, orí ẹ ti dàrú," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń mì. Ẹ̀rín náà lọ kan ògiri, ó dákẹ́.

Ló bá gé túùbù ògbólógbòó. Á dìde, á tẹ bíréèkì, á fi túùbù dì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ń dì mú, á tún jókòó, á tú nọ́ọ̀tì, á dè é, á tún dìde. Orúnkún rẹ̀ ń ró bí ẹni ń gbọn ẹ̀pà. Nínú rọ́bà funfun tó fi gba ọ́ìlì sínú ìgò, afẹ́fẹ́ ń yọ róbóróbó, ó ń tẹ̀ léra. Kò rí i rí. Láti òkè, ohun tí Ọdẹ́wálé bá sọ ló máa ń gbà gbọ́.

"Ìwọ nìkan lò ń wo nǹkan tó dáa báyìí," ló wí fún òkú.

Nígbà tó yá, bíréèkì le gbagidi. Ó gbójú sókè láti sọ fún ẹnì kan. Ògiri ló rí.

"Ìyá Sọjí, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀?"

Ìyá Roqeeb ni, tí ọmọ rẹ̀ mú wá láti Ìwó sílé kejì. Ọmọ àti ìyàwó á lọ síbi iṣẹ́ ní yunifásítì, òun nìkan á kù sílé. Kò ju ẹ káàárọ̀ lọ láàárín àwọn méjèèjì rí.

"Bíréèkì ni."

"Ṣé ó ń dá yín lóhùn?"

"Ó gbọ́ràn ju ọkọ mi lọ."

"Tiyín dáa. Tẹlifíṣọ̀n lèmi ń bá jà." Ó rọ ìgbọ̀nwọ́ lé ògiri. "Ṣé ó ku nǹkan tí mo lè bá yín dì mú?"

Mojísọ́lá wo bíréèkì tó ti le. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa rọ́bà kúrò nínú ìgò, ó tú nọ́ọ̀tì kí afẹ́fẹ́ lè tún wọlé, ó tẹ bíréèkì, ó fi sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi sílẹ̀, títí ó fi tún rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ó wá dè é.

"Ó kù," ló wí. "Afẹ́fẹ́ ṣì pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ gba ẹnu géètì wọlé."

Ìyá Roqeeb dé, ó ká ọwọ́ búbà sókè. Mojísọ́lá jókòó, àpótí ké.

"Tí mo bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì dáhùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Mo tẹ̀ ẹ́."

Sípánà ò yí.

"Mo ní mo ti tẹ̀ ẹ́ o, Ìyá Sọjí."

"Mo gbọ́," ni Mojísọ́lá wí, kò gbójú sókè. "Ẹ tún un wí."