Oyún Ìyá Oge

Àwòrán akọ màlúù kan ló kó bá wa. Ìdí ẹ̀ rí rogodo, àyà ẹ̀ yọ gọngọ. Ni ọkọ mi bá lọ ra àtọ̀ ẹ̀, ó ní kí wọ́n fi gbin oyún sínú Ìyá Oge. Kò tiẹ̀ bi mí léèrè o! Màlúù tèmi, tí màmá mi fi sílẹ̀ fún mi, tí gbogbo ilé ń mu wàrà ẹ̀.

"Má bínú," ló ń wí. "Ọmọ tó máa bí á tóbi ni!"

Oyún ti dàgbà kí dókítà ẹran tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ṣe rí àwòrán yẹn, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní jíìnì kan wà lára ẹran tó ń sọ fún iṣan, ìyẹn ẹran líle tó ń gbé ara rìn, pé ó tó, má dàgbà mọ́. Ti akọ yìí ti bàjẹ́. Ọmọ máa ń gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Bí méjèèjì bá bàjẹ́, ọmọ lè fẹ̀ ju ọ̀nà tó máa gbà jáde lọ, ó sì lè pa ìyá ẹ̀.

"Ti Ìyá Oge ńkọ́?" ni mo yára bi í.

Ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èsì dé: ọ̀kan dáa, ọ̀kan bàjẹ́. Èwo ló fún ọmọ? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọkọ mi tún gbé tiẹ̀ dé. Ó dín oúnjẹ màlúù kù, ó ní kí ọmọ má baà sanra. Inú bí dókítà.

"Bọ̀dá, kì í ṣe ọ̀rá là ń bá jà! Jíìnì ló ń pín iṣan fún ọmọ látinú oyún. Ìyá lẹ kàn ń febi pa."

Mo já garawa oúnjẹ gbà lọ́wọ́ ọkọ mi. "Ẹ kúrò níwájú mi jàre!"

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Oge rọbí. Dókítà ti to irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú yọ, imú yọ, orí yọ. Ó ku èjìká. Ìyá Oge ké, èmi náà ké. Olúwa, ṣàánú mi! Ìyá Oge tún fi gbogbo agbára tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, èjìká bá yọ, gbogbo ara tó kù sì tẹ̀ lé e, wọ̀ọ̀, sórí koríko.

Ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́.

Hàà, ara tù mí! Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún. Ìyá Oge dìde fúnra ẹ̀, ó ń lá ọmọ ẹ̀.

Ọkọ mi kúnlẹ̀ sínú omi ìrọbí, ó gbá ọmọ náà mọ́ra.

"O ṣé," ló ń sọ fún un. "O ṣé tó o kéré."